Igbó Salimot

Abdullateef fẹ́ràn ohun tó bá tò gbọọrọ. Bí ó bá ń ká aṣọ, etí gbọ́dọ̀ bá etí mu. Bí ó bá bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, yóò fi ẹsẹ̀ tún ti àwọn ẹlòmíràn tò kí ó tó wọlé. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ ibi tí àṣà náà ti wá. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe láyé, nígbà tó ṣì jẹ́ géńdé ní Òkè-Ògùn, iṣẹ́ igbó ọba ni, níbi tí ìjọba ti ń gbin igi tíìkì. Wọn á ta okùn láti ìpẹ̀kun ilẹ̀ kan dé èkejì, wọn á gbin igi sójú okùn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ poro yóò máa wo ìmọ́lẹ̀ ní òpin rẹ̀ lọ́hùn-ún kedere. Ó ní ojú òun kò rí ohun tó dára tó o rí, àfi ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ rí Salimot.

"Èmi tí n kò gún bí okùn yín," ni Salimot máa ń dá a lóhùn.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí tọkọtaya náà ti ń gbé ní Dallas. Ilé wọn wà ní Pleasant Grove. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ Hafsah, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ọkọ lẹ́nu wíwa ọkọ̀ akẹ́rù, aya nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó.

Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá agbègbè wọn para pọ̀ ra ilé kan ní Mesquite láti sọ ọ́ di mọ́sáláṣí, Abdullateef kò wo yàrá, kò wo òrùlé. Ẹ̀yìn ilé ló gbà lọ. Ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí kò sí igi kan lórí rẹ̀, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ́ lọ sí odò kékeré kan, igbó sì bo gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Ó tọrọ àyè kí wọ́n jẹ́ kí òun gbin igi. Óákù ló yàn, irú èyí tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ tán nígbà òtútù. Ó tò ó ní ẹsẹ̀ méjì, ó sì mú wọn súnmọ́ ara wọn kí orí wọn lè tètè pàdé. Orí wọn pàdé lóòótọ́. Lẹ́yìn ogún ọdún, abẹ́ wọn dàbí gbọ̀ngàn. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń ya fọ́tò sí lẹ́yìn ìrun ọdún, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń du àyè láti gbọ́kọ̀ sí nígbà tí oòrùn Texas bá mú tó bẹ́ẹ̀ tí irin bẹ́líìtì ọkọ̀ ń jóni lọ́wọ́.

Ó fẹ́ ṣán igbó ẹ̀yìn náà pẹ̀lú, kí óákù rẹ̀ lè tò lọ títí dé etí odò. Salimot ni kò gbà. Ó ti wọ inú igbó náà lọ, ó sì bá igi pikánì níbẹ̀, tí èso rẹ̀ já sílẹ̀ kítikìti. Ó kó o sínú ìborùn rẹ̀ wá bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń pọ́n àdá.

"Bàbá Hafsah, ẹ tọ́ èyí wò."

Abdullateef tọ́ ọ wò. Ó gbà pé ó dùn.

"Ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ní Ṣakí rí bí ibẹ̀ yẹn," ni Salimot wí. "Ìyeyè wà níbẹ̀, ọsàn wà níbẹ̀, àwọn igi kan tún wà tí a kò mọ orúkọ wọn. Kò sẹ́ni tó tò wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà."

Ohun tí Salimot bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ tọrọ, Abdullateef kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi í dù ú. Ó gbé àdá rẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kò yé fi igbó náà ṣe yẹ̀yẹ́. Òun gan-an ló sọ ọ́ ní Igbó Salimot, àwọn ará mọ́sáláṣí sì gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí ìpàdé ọlọ́dọọdún bá ti dé, yóò rán wọn létí pé bí wọ́n bá fẹ́ ṣán an, òun ti ṣe tán. Salimot á kàn rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí láàárín àwọn obìnrin.

Ìgbà ìrúwé kan ni Abdullateef ṣàkíyèsí pé igi tó wà ní ìparí ẹsẹ̀ kìíní ń wọ́wé. Kì í ṣe àsìkò rẹ̀. Ó rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ó fa rọ́bà omi dé ìdí rẹ̀. Oṣù náà kò parí tí èkejì fi bẹ̀rẹ̀. Kí àwẹ̀ tó tún dé, igi méjèèjì ti gbẹ, ẹ̀kẹta sì ń tẹ̀lé wọn. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ sí Mesquite láti bomi rin wọ́n, bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Salimot ló pe Hafsah.

Sachse, ìlú kan nítòsí, ni Hafsah ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì kan ni láti máa wo bí igbó ṣe ń dàgbà. Wọ́n ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbin oríṣi igi kan ṣoṣo sí, wọ́n ní èyí tí wọ́n pa oríṣi pọ̀ sí, wọ́n á sì máa wọn ìdí igi wọn lọ́dọọdún láti mọ èyí tó ń ṣe dáadáa. Abdullateef kì í fi iṣẹ́ náà yangàn níta tó bó ṣe ń fi í yangàn nínú ọkàn rẹ̀. Hafsah dé lọ́jọ́ Sátidé, ó ṣa ewé nílẹ̀, ó gbé e sókè sí oòrùn. Iṣan ewé náà ti pọ́n bí ẹni fi iná ràn án, ara rẹ̀ tó kù sì tutù síbẹ̀.

"Dádì, ẹ má bomi rin wọ́n mọ́," ló wí. "Kì í ṣe òùngbẹ."

"Kí ni?"

"Àrùn óákù ni. Ìdílé olu ló ti wá, bí èyí tó máa ń mú kí búrẹ́dì bu. Ó máa ń dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nínú igi. Kòkòrò ló lè gbé e dé ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ló ń gbé e kiri. Bí irú óákù yìí bá wà nítòsí ara wọn, gbòǹgbò wọn máa ń lẹ̀ mọ́ra lábẹ́ ilẹ̀, wọn á di ọ̀kan."

Abdullateef wo ẹsẹ̀ igi rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Gbogbo wọn ti di ọ̀kan?"

"Ó ṣeé ṣe."

"Èmi ni mo tò wọ́n súnmọ́ra."

"Gbogbo ìlú yìí ló gbìn ín bẹ́ẹ̀, Dádì. Nígbà yẹn, ta ni ì bá sọ fún yín?"

Wọ́n sa ipá wọn. Wọ́n gba ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n fi gbẹ́ yàrà jíjìn láàárín igi tó ń ṣàìsàn àti èyí tó ṣì dúró, kí gbòǹgbò wọn lè já kúrò lára ara wọn. Àrùn náà ti kọjá ibẹ̀ kí yàrà tó dé. Nígbà tí ọdún fi máa yí po, ẹsẹ̀ kan ti kú tán, ìdajì èkejì sì tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ tí àwọn agégi dé, Abdullateef ní òun fẹ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ayùn kìíní dún, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Salimot, wà wá lọ sílé." Salimot gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pa rédíò, ó ń fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀, ó fi ọwọ́ kejì lé orúnkún ọkọ rẹ̀ títí wọ́n fi délé.

Láti ìgbà náà, Abdullateef kò gba ẹ̀yìn mọ́sáláṣí mọ́. Yóò gba iwájú wọlé, yóò kírun, yóò sì gba iwájú jáde. Nílé, ó ń sùn lọ́sàn-án, ohun tí kò ṣe rí. Ó ká aṣọ lọ́jọ́ kan, etí kò bá etí mu, kò sì tún un ká. Èyí gan-an ló ba Salimot lẹ́rù.

Nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí ooru mú débi tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ jáde, Hafsah wá sílé wọn. Ó ní òun fẹ́ wọn àwọn igi inú Igbó Salimot, nítorí irú igbó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́ láàárín ilé, ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti bá òun di etí téèpù mú.

"Ìyá rẹ á bá ọ lọ," ni Abdullateef wí.

Salimot fọwọ́ pa orúnkún. "Ẹsẹ̀ yìí kò jẹ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ bá a lọ, Bàbá Hafsah. N ó jókòó sínú mọ́sáláṣí dè yín."

Bẹ́ẹ̀ ni Abdullateef ṣe wọ igbó tó ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ogún ọdún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kọjá igi kẹta tó fi dúró. Ooru tó wà níta kò bá wọn wọlé. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n gbé àmù sí. Ó wòkè. Pikánì ló ga jù, ó ti yọ orí jáde sínú oòrùn. Igi ẹ́límù wà lábẹ́ rẹ̀, ewé rẹ̀ kéékèèké. Lábẹ́ ẹ́límù ni àwọn igi kúkúrú kan wà tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń jẹ. Ó wolẹ̀. Ewé jíjẹrà ló wà nílẹ̀, ó rọ̀ lábẹ́ bàtà rẹ̀, ó sì lọ́rinrin, bẹ́ẹ̀ ni òjò kò rọ̀ láti bí oṣù kan.

"Ṣé odò ló ń mú kí ibí tutù?" ló béèrè.

"Odò wà níbẹ̀," ni Hafsah wí, ó ń fi téèpù yí igi ká. "Ṣùgbọ́n àwọn igi náà ni. Kì í ṣe ibi kan náà ni gbogbo wọn ti ń mumi. Gbòǹgbò ti èyí lọ sísàlẹ̀ gan-an, ti ìyẹn ń rìn lókè ilẹ̀. Kì í ṣe ìgbà kan náà ni wọ́n ń rúwé. Ohun tí ọ̀kan kò bá lò, òmíràn á lò ó, ewé tí ọ̀kan bá gbọ̀n sílẹ̀, òmíràn á fi ṣe oúnjẹ. Ní ibi iṣẹ́ wa, ibi tí a bá ti pa oríṣi pọ̀ sábà máa ń sanra ju ibi tí a gbin oríṣi kan ṣoṣo sí. Kì í ṣe ní gbogbo ìgbà o, Dádì. Àwọn ọdún kan wà tí oríṣi kan á dá borí. Ṣùgbọ́n bí ọdún burúkú bá dé, ibi tí oríṣi ti pọ̀ ni nǹkan ti máa ń ṣẹ́ kù."

Abdullateef di téèpù mú bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Lẹ́yìn náà ló ní, "Nígbà tí mo wà níbi tíìkì, kòkòrò jewéjewé dé bá wa lọ́dún kan. A wà nínú àgọ́, a gbọ́ pé nǹkan ń ta sórí ewé gbígbẹ nílẹ̀, a rò pé òjò ni. Nígbà tí a jáde, oòrùn ń ràn. Ìgbẹ́ kòkòrò ló ń já bọ́ láti orí igi. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń ṣu. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tíìkì dúró sí ìhòòhò láti poro kìíní dé ìkẹyìn."

"Àwọn igbó tó wà nítòsí ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn títì ni igbó àwọn ará abúlé wà. Tíìkì wà nínú rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, àárín ìrókò àti àràbà àti àwọn mìíràn. Kòkòrò kò rí wọn." Ó ronú sí i. "Tàbí wọ́n rí wọn, ẹyẹ rí àwọn náà."

Hafsah gbójú sókè láti ibi tó ti ń kọ nǹkan, ó sì wo bàbá rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ìtàn okùn àti poro. Kò gbọ́ èyí rí. Ó ní kó tún un sọ fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀, Abdullateef sì tún un sọ, ó tiẹ̀ fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe bí ìró náà ṣe ń dún.

Nígbà tí wọ́n dé àárín igbó, wọ́n bá óákù kan. Irú tirẹ̀ gan-an ni, ó ga, ewé rẹ̀ dúdú minimini, kò sí ẹyọ kan tó pọ́n. Kò jìnnà rárá sí ibi tí èyí tó kú wà. Abdullateef fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ èèpo rẹ̀.

"Kí ló dé tí èyí kò fi kú?"

Hafsah tọ́ka sí ohun tó yí i ká, pikánì níbí, ẹ́límù níbẹ̀, àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún kan lẹ́yìn. "Kò sí ìbátan rẹ̀ tó fara kàn án. Gbòǹgbò tó yí i ká kì í lẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Àrùn náà rìn dé etí igbó, kò rí afárá gbà kọjá. Mi ò lè ṣèlérí pé kò ní dé lọ́nà mìíràn. Títí di báyìí ṣá, ó wà láàyè."

Salimot ló dé bá wọn níbẹ̀. Ó gbé ike omi tútù dání, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọge. Abdullateef wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

"Orúnkún ńkọ́?"

"Ó ti fúyẹ́," ni Salimot wí, ó sì gbé omi fún un.

Ó mu omi náà tán. Ó padà délé lọ́jọ́ yẹn, kò sùn lọ́sàn-án.

Lẹ́yìn èyí ni ìpàdé mọ́sáláṣí dé. Kàmíl ni alága wọn. Ọkùnrin tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún ni, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, ó sì fẹ́ràn mọ́sáláṣí náà débi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ ibi àlùwàlá. Ó fi àwòrán kan hàn lára ògiri. Àwọn èrò ti pọ̀ sí i, ó ní, àwọn kan ti ń gbọ́kọ̀ sẹ́nu ọ̀nà àwọn aládùúgbò, àwọn aládùúgbò sì ń kùn. Níwọ̀n ìgbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú óákù ti lọ, kí wọ́n kúkú ṣán igbó ẹ̀yìn, kí wọ́n da kọnkéré sí gbogbo rẹ̀, kí wọ́n sì gbin oríṣi igi kan tó ń yára dàgbà yí i ká.

"Àlàájì Abdullateef náà á tì mí lẹ́yìn," ni Kàmíl wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Àwọn ni wọ́n ti ń sọ fún wa láti ọjọ́ yìí pé ká ṣán ibẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí i. Abdullateef dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Òótọ́ ni Kàmíl sọ. Ọdọọdún ni mo ń sọ ọ́, ìyàwó mi nìkan ni kò gbà fún mi, mo sì dúpẹ́ pé kò gbà. Ẹ ti rí ibi tí mo tò. Ẹ lọ wo ibi tí kò jẹ́ kí n tò. Mo wọ ibẹ̀ nínú ooru oṣù kẹjọ, ó tutù. Nígbà tí òjò ńlá ọjọ́sí rọ̀, omi wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò, kò wọ tiwa. Igbó yẹn ló ń mu ún. Bí ẹ bá da kọnkéré síbẹ̀, ta ni yóò máa bá wa mu ún?"

Kàmíl kò bínú. Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Bàbá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńkọ́? Ibo ni wọ́n ó máa gbé e sí?"

"Ibi tí àwọn óákù mi tó kú wà. Ilẹ̀ náà ti ṣófo tẹ́lẹ̀." Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé. "Ẹ mú ibẹ̀. Kí a wá gbin igi tuntun sáàárín àwọn ọkọ̀, kí ó má ṣe jẹ́ oríṣi kan."

"Oríṣiríṣi igi, oríṣiríṣi ìtọ́jú ni, Bàbá. Ta ni yóò máa ṣe é?"

"Èmi àti Salimot."

Láti ìhà àwọn obìnrin ni Salimot ti wí pé, "Ẹ ò tiẹ̀ bi mí," gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe pátápátá. Ó di dandan kí wọ́n la ọ̀nà tóóró kan gba etí igbó náà kọjá kí ọkọ̀ panápaná lè rí ọ̀nà yí po, ẹ́límù méjì sì bá ọ̀nà náà lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n gé wọn, Salimot ni kò lè wò ó. Abdullateef di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú gbogbo èrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe irú ọkùnrin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ níta, kò sì fi í sílẹ̀ títí ariwo ayùn fi dákẹ́.

Oṣù kọkànlá ni wọ́n gbin igi, nígbà tí ilẹ̀ ti rọ̀. Hafsah ló bá wọn yan àwọn igi náà: pikánì, ẹ́límù, igi sáípírẹ́sì tó fẹ́ràn ibi tí omi ń dúró sí, óákù mìíràn tí èso rẹ̀ tóbi, tí àrùn náà kì í tètè pa, àti igi kúkúrú kan tí ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò kí ewé rẹ̀ tó yọ. Abdullateef yọ okùn jáde nínú ọkọ̀.

"Dádì," ni Hafsah wí.

"Oríṣi lo ní kí n pò pọ̀. O ò ní kí n gbìn ín ní wúruwùru."

Ó ta okùn rẹ̀. Kò sí igi méjì tó jẹ́ ìbátan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú okùn náà, gbogbo wọn sì gún régé, àfi èyí tí Salimot gbẹ́ ihò tirẹ̀ fún síbi tó wù ú. Abdullateef rí i. Ó bu omi sí ìdí rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e le. Sáípírẹ́sì kan kú, ewé ọ̀kan nínú àwọn igi kúkúrú náà rẹ̀ dànù. Àwọn yòókù dúró. Abdullateef sì ti wá ń bi Hafsah léèrè nípa igbó tirẹ̀, títí ọmọ náà fi ní kó kúkú máa bá òun lọ síbi iṣẹ́ bí àsìkò wíwọn igi bá dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì, Salimot ti múra, ó ti di mọ́ínmọ́ín sínú kúlà, ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè é.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ̀ kún títì márosẹ̀, eruku igbó sì wà lára ṣòkòtò Abdullateef títí dé orúnkún. Ó ti wọn igi láti àárọ̀, ó ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jiyàn, ó ti sọ ìtàn kòkòrò tíìkì fún gbogbo wọn. Ó kúrò ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn lòun fẹ́ jókòó sí. Kò pẹ́ tí orí rẹ̀ fi tẹ̀ sórí èjìká ìyàwó rẹ̀, ó sùn lọ.

Salimot fa ìborùn rẹ̀ bò ó lára nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Ó na ọwọ́ síwájú, ó fọwọ́ kan Hafsah.

"Rọra máa wà á," ló wí. "Má jẹ̀ẹ́ kó jí."